Léètì Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Àgbà

Kútọnu,
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún Oṣù Kejì, 2025.

Bàbá mi,

N kò gbéyàwó. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn kí n tó kí yín, nítorí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni, Màmá á ti já ìwé yìí gbà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. N kò gbéyàwó, n kò fẹ́ ẹnikẹ́ni ní bòókẹ́lẹ́, n kò sì fọwọ́ kan owó tí ẹ fi rán mi pé kí n fi wá léètì rà, kí ẹ lè tún máa gé irin ní ìsọ̀.

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ kú àìríṣẹ́ṣe. Ṣé etí yín tí ariwo irin ti jẹ kò dùn yín mọ́? Ì bá jẹ́ pé ẹ ń gbọ́ fóònù ni, kíá ni ǹ bá ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Màmá ní fóònù lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo bá sọ fún wọn kọ́ ni wọ́n máa ń sọ fún yín.

Gideon awakọ̀ ló fa gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣí lẹ́tà tí a bá fi rán òun láti Ìdí-Ìrókò, kò sì ṣí i lóòótọ́, àmọ́ ojú tó yẹ kó fi wa ọkọ̀ ló fi ń wo ohun tí kò kàn án. Ó rí èmi àti ọmọbìnrin kan lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa. Ọmọbìnrin náà ń nàka sí ògiri, mo tẹ orí sílẹ̀, mò ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ìyẹn ni Gideon sọ di ìdáná. Rodiat lorúkọ ọmọ náà. Àjàṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, Ayétòrò ni bàbá rẹ̀ ti wá. Òun ló ń ṣe akọ̀wé fún ọ̀gá tí mò ń bá jó irin. Faransé tí wọ́n kọ sára ògiri ló ń kà fún mi. Ilé ìwé tí ẹ rán mi lọ, wọn kò kọ́ mi ní Faransé, bọ́ńjúù nìkan ni mo gbọ́.

Ohun tó wà lára ògiri náà rèé: wọ́n fẹ́ lu gbogbo ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà ní gbàǹjo nígbà tí ààwẹ̀ bá kù díẹ̀ kó parí. Léètì wà nínú wọn, Bàbá! Mo yọjú wò ó láti ojú fèrèsé. Ó gùn ju tiyín tó fọ́ lọ. Ẹ kọ bí mo ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò ránṣẹ́ sí mi.

Ẹ sì sọ fún Ọlájídé onílé ìsọ̀ wa pé mo gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní bí ẹ̀rọ kò bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó tó di Iléyá, òun á gba ìsọ̀ òun padà. Ó dáa. Irin á yí níbẹ̀ kó tó di Iléyá.

Ọmọ yín tí kò gbéyàwó,
Jibril.


Ìlaró,
Ọjọ́ Kẹfà Oṣù Kẹta, 2025.

Jibril,

Ṣé bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí bàbá ẹni nìyẹn? Ìyá rẹ ní kí n má dá ọ lóhùn. Inú ń bí i, kì í ṣe nítorí pé o gbéyàwó, nítorí pé o kò gbé e ni. Ó ti ra lééṣì aláwọ̀ ewé. Ó ti sọ fún gbogbo ẹni tí wọ́n jọ ń tajà. Ní báyìí, ó ká lééṣì náà sínú àpótí, ó sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo lé ìyàwó náà lọ.

Ààwẹ̀ ń lọ, a dúpẹ́. Ara le.

Gbọ́ bí a ṣe ń ra ògbólógbòó léètì. Má wo ọ̀dà. Ẹni tó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ tó ti gbó, ọ̀dà ló kọ́kọ́ máa ń rà. Irin gígùn tí ọ̀bẹ rẹ̀ ń rìn lé lórí ni kí o wò. Fi èékánná àtàǹpàkò rẹ wọ́ ọ láti ìdí títí dé ẹ̀gbẹ́ orí, níbi tó ti ń di irin mú. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ máa ń pọ̀ sí jù, ibẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹ. Bí èékánná rẹ bá kọsẹ̀, kúrò nídìí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ yí orí rẹ̀, kí o dijú, kí o sì gbọ́ ọ. Ìwọ ṣì ní etí.

Ìyá Àṣìkẹ́, onígàrí Ilobi, tún wá lánàá. Ṣáàfù, irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ tó fi ń rin ẹ̀gẹ́, ti ṣẹ́. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Bàbá Jibril, ẹ bá mi gé òmíràn," bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀rọ. Mo ní kó gbé e lọ sí Abẹ́òkúta. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín. Ṣebí ọmọ yín ń bọ̀." Ó fi ṣáàfù sílẹ̀, ó lọ. Mo gbọ́ pé ọwọ́ ló fi ń rin ẹ̀gẹ́ nílé.

Nítorí náà, má jáfara.

Bàbá rẹ.


Kútọnu,
Ọjọ́ Karùndínlọ́gbọ̀n Oṣù Kẹta, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí yín kú ààwẹ̀, Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn. Mo kí yín dáadáa lọ́tẹ̀ yìí nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ kò dára.

Léètì náà bọ́ lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé owó kò tó.

Gbogbo ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni mo ṣe. Mo débẹ̀ kí èrò tó pé. Mo fi èékánná wọ́ irin náà láti ìdí dé orí, kò kọsẹ̀ níbì kan. Mo yí orí rẹ̀, mo dijú, ó ń lọ wọ́ọ́rọ́ bí ẹni ń da epo pupa. Inú mi dùn débi pé mo tún un ṣe. Rodiat ní, "Ẹ̀rọ lò ń yẹ̀ wò ni àbí àfẹ́sọ́nà?" Mo ní kó rọra, kí Gideon má lọ gbọ́.

Bí gbàǹjo ibí ṣe rí nìyí. Ọkùnrin kan dúró sórí àpótí, á pe iye, ẹni tó bá fẹ́ á na ọwọ́. Á tún bù lé e, ọwọ́ á tún nà, títí ọwọ́ kan ṣoṣo á fi kù lókè. Rodiat dúró tì mí, ó ń túmọ̀ iye náà sí mi létí. Nígbà tó kan léètì, ọwọ́ pọ̀ bí oko àgbàdo. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń wálẹ̀. Ó wá ku èmi àti ẹnì kan tó wà lẹ́yìn. Mo na ọwọ́, ẹni náà na ọ̀pá. Mo tún na ọwọ́, ó tún na ọ̀pá. Ni mo bá bojú wẹ̀yìn láti wo ẹni tí orí rẹ̀ le tó tèmi.

Àgbà ni, Bàbá. Bàbá onírùngbọ̀n funfun, wọ́n jókòó sórí àga, ọ̀pá tí wọ́n fi ń rìn ni wọ́n ń nà. Wọ́n bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn léèrè, Yorùbá ìhà ọ̀dọ̀ wa gan-an ni wọ́n fi sọ ọ́, "Ọmọ ta ni ó ń bá mi fà á yẹn?"

Ọwọ́ mi kò gòkè mọ́. Mo fẹ́ kó gòkè, ó kọ̀. Rodiat já mi léèékánná. "Na ọwọ́ ẹ! Owó ẹ ò tíì tán!"

Mo ní, "Àgbà ni wọ́n."

"Àgbà báwo? Ṣé ẹran ni wọ́n ń pín níbí ni?"

Kó tó sọ ọ́ tán, ọkùnrin orí àpótí ti lu tábìlì. Ó parí.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá náà. Wọ́n ní, "Ìwọ lò ń bá mi fà á?" Mo ní, "Èmi ni, sà." Wọ́n ní, "Kí ló dé tí o fi í sílẹ̀?" Mo ní, "Mo bojú wẹ̀yìn ni, sà." Wọ́n kọjú sí mi. Wọ́n dìde, ẹnì kan mú wọn lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bínú. Ẹ má ṣe é pẹ́.

Jibril.


Kútọnu,
Ọjọ́ Kọkànlélógún Oṣù Kẹrin, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Gideon ní òun fi lẹ́tà mi lé yín lọ́wọ́. Ó ní ẹ kà á, ẹ ká a, ẹ fi òòlù lé e lórí, ẹ sì bá tiyín lọ. Ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ti kọjá, ẹ kò kí mi. Ẹ bú mi, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Dídákẹ́ yín yìí ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Jibril.


Ìlaró,
Ọjọ́ Kejì Oṣù Karùn-ún, 2025.

Jibril,

O ní kí n bú ọ. Ó dáa.

Ọlájídé wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó mú okùn dání, ó ń wọn ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ níṣojú mi. Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ló fẹ́ kó wọbẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi bí àlejò, ṣáàfù Ìyá Àṣìkẹ́ wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọlájídé ní, "Bàbá, ẹ dákun ẹ gbẹ́sẹ̀, kí okùn lè kọjá." Mo gbẹ́sẹ̀. Nínú ìsọ̀ tí mo ti kọ́ ọ níṣẹ́, mo gbẹ́sẹ̀ fún okùn!

Àgbà là ń yẹ̀ fún lójú ọ̀nà. Àgbà là ń gbé àga fún. Ta ló kọ́ ọ pé kí o yẹ̀ fún àgbà nídìí oúnjẹ ilé bàbá rẹ?

Ìyá rẹ ní ọmọ òun kò ṣe ohun tó burú. Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀, bí mo bá ní kó fún mi lómi, á ní àgbà kan ló ń mu ún lọ́wọ́.

Bàbá rẹ.


Kútọnu,
Ọjọ́ Kẹsàn-án Oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà Ọlájídé. Ẹ kú ìfaradà Màmá náà.

Ẹ béèrè ẹni tó kọ́ mi. Ẹ̀yin ni. Kíláàsì kẹrin ni mo wà. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì nígbà tí bàbá kan tó ń wa katakata l'Áfọ̀n wọlé sí ìsọ̀, n kò tètè dìde. Ẹ fi ọwọ́ tó kún fún gíríìsì gbá mi létí níwájú gbogbo oníbàárà. Ẹ ní ọmọ tó bá ń bá àgbà du ìjókòó, á bá a du ibojì. Gíríìsì yẹn kò kúrò lára aṣọ ilé ìwé mi títí mo fi jáde. Ẹ kò sì sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé ti gbàǹjo yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ti ṣe. Mo ti rí bàbá náà. Rodiat ló bá mi wá wọn kiri. Ọdẹkúnlé lorúkọ wọn, ọmọ Ilobi ni wọ́n, Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti ń ra ògbólógbòó ẹ̀rọ tà láti ìgbà tí ẹ kò tíì bí mi. Mo bá léètì náà nínú àgbàlá wọn, wọ́n fi tapólì bò ó. Wọn kò tíì tà á!

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo fẹ́ rà á. Wọ́n béèrè bóyá èmi ni ọmọ ọjọ́ yẹn. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní, "N kò ní í tà á fún ọ. Lọ pe bàbá rẹ wá."

Mo ní, "Bàbá mi kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, sà, ìrìn kò rọ̀ wọ́n lọ́rùn."

Wọ́n ní, "Èmi náà kò ríran dáadáa mọ́. Kó máa bọ̀. Á máa bá mi ríran, èmi á máa bá a gbọ́ràn."

N kò lè yọ ohun mìíràn lẹ́nu wọn. Ẹ wá, Bàbá.

Jibril.


Ìlaró,
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún Oṣù Karùn-ún, 2025.

Jibril,

N kò lọ síbì kankan. Ọkùnrin tó gba léètì mọ́ ọ lọ́wọ́ ló tún fẹ́ kí èmi wá bẹ òun? Kí n sọdá ibodè pẹ̀lú irun funfun yìí, kí n wá tọrọ irin lọ́wọ́ ẹgbẹ́ mi? Bó bá jẹ́ ọmọ Ilobi lóòótọ́, ó mọ ọ̀nà Ìlaró. Kó wá.

Bàbá rẹ.


Kútọnu,
Ogúnjọ́ Oṣù Karùn-ún, 2025.

Bàbá mi,

Mo kí yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀wọ̀ náà parí síbẹ̀ fún òní.

Ẹ ní n kò gbọdọ̀ yẹ̀ fún àgbà nídìí oúnjẹ ilé wa. Ẹ̀yin náà, ẹ má yẹ̀ fún ìgbéraga nídìí rẹ̀. Ìyá Àṣìkẹ́ kò mọ Bàbá Ọdẹkúnlé, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ kí ẹnì kejì. Ohun tó mọ̀ ni pé ọwọ́ òun ń bó nídìí ẹ̀gẹ́ rínrin.

Gideon á wá sí ẹnu ọ̀nà yín ní Sátidé lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Mo ti ní kó má kúrò níbẹ̀ bí ẹ kò bá tíì wọlé sọ́kọ̀. Ẹ sì mọ Gideon. Bó bá dúró pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fún àwọn aládùúgbò, kí òòrùn tó là, wọ́n á ti gbọ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ gbéyàwó ní Àjàṣẹ́.

Jibril.


Ìlaró,
Ọjọ́ Kejì Oṣù Kẹfà, 2025.

Jibril ọmọ mi,

A dé láyọ̀, ìwọ àti Gideon kú wàhálà ọ̀nà. Èmi kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ lójú rẹ lọ́jọ́ tí mo wá sí Àjàṣẹ́. Jẹ́ kí n kọ ọ́.

Ṣé o rántí pé Ọdẹkúnlé ní kí ìwọ àti Rodiat jáde sí àgbàlá? Ó fẹ́ bá mi sọ ọ́ ní bòókẹ́lẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, n kò gbọ́. Ó sún mọ́ mi, n kò gbọ́. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ díẹ̀ níta, torí nígbà tí a jáde, ọmọbìnrin yẹn fi ìbòrí rẹ̀ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín.

Gbogbo ohun tó sọ nìyí. Ó ní, "Bàbá Jibril, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. N kò mọ ẹ̀rọ tó dára yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kùn lọ́dà mọ́. Lọ́jọ́ gbàǹjo, mo ní kí ẹni tó mú mi lọ wo àwọn tó ń yẹ ẹ̀rọ wò. Ó ní ọmọ kan wà tó ń fi èékánná wọ́ irin, tó dijú, tó ń tẹ́tí sí i, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo ní, ẹ̀rọ tí ọmọ yẹn bá fẹ́ ni mo máa rà. Ojú ọmọ rẹ ni mo fi wò ó, mo tún fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó rí mi, ó fi í sílẹ̀ fún mi. Láti ọjọ́ náà, n kò lè pe oníbàárà wá wo ẹ̀rọ yìí. Àgbà kì í bẹ ọmọdé, bàbá rẹ̀ là ń bẹ. Ìdí tí mo fi ní kó pè ọ́ nìyẹn. Má bínú sí mi."

Ó ṣí fìlà. Ọkùnrin tí mo rò pé ó fẹ́ kí n wá bẹ òun, ó ṣí fìlà fún mi, ó ń fi igbe bẹ̀ mí. Mo dé fìlà rẹ̀ padà fún un. Mo ní ó tó. Iye tó rà á náà ló gbà lọ́wọ́ wa, kò fi nǹkan kan lé e.

A ti gbé e kalẹ̀ ní ìsọ̀. Ó ga, mo ní láti gun pákó kí n tó rí ọ̀bẹ rẹ̀ dáadáa. Ṣáàfù Ìyá Àṣìkẹ́ ni mo kọ́kọ́ gé. Ó dúró tì mí títí mo fi parí, ó fi ọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lára. Bí ó ti ń gbé e lọ ni Ọlájídé dé pẹ̀lú okùn rẹ̀. Ó bá èérún irin nílẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ó dúró, ó ká okùn sápò, ó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi nílé òun nílò búùṣì, òrùka irin inú rẹ̀ ti jẹ. Mo ní ẹ̀yìn ni kó tò sí, àwọn onígàrí ti ṣáájú rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ọ, n kò yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Mo kàn ń sọ fún ọ pé mo rí ibi tó gbé wa dé.

Ìyá rẹ béèrè bí Rodiat ṣe rí. Mo ní ojú mi kò mú un dáadáa. Irọ́ ni mo pa.

Bàbá rẹ.


Kútọnu,
Ọjọ́ Kẹrin Oṣù Kẹfà, 2025.

Bàbá mi,

Ẹ kú ìmúra Iléyá. Ẹ kú iṣẹ́! Ó ti pẹ́ tí mo ti kí yín kú iṣẹ́ gbẹ̀yìn, n ó tún un sọ: ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti dágbére fún ọ̀gá mi níbí. Lẹ́yìn ọdún, ẹ ó máa gun pákó ní ẹ̀gbẹ́ kan, èmi á máa da epo sí i ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nígbà tí lẹ́tà yín dé, mo jókòó, mo ń ka àwọn tó dúró tì mí. Mo ka Ìyá Àṣìkẹ́, tí kò gbé ṣáàfù rẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Mo ka Gideon, tí ẹnu rẹ̀ kó wa sí wàhálà, tí ọkọ̀ rẹ̀ sì kó wa jáde. Mo ka Bàbá Ọdẹkúnlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ dúró lòdì sí mi kí wọ́n tó dúró tì mí. Mo ka Màmá, tí wọ́n fi omi mímu jà fún mi. Mo ka ẹ̀yin, tí ẹ wọkọ̀.

N kò ka Rodiat mọ́ wọn. Àwọn tí mo kà ti ṣe tiwọn, wọ́n sì ti padà sídìí iṣẹ́ wọn. Òun ṣì dúró sẹ́yìn mi níbi tí mo ti ń kọ ìwé yìí, ó ń kà á láti orí èjìká mi. Ó ní mo kọ orúkọ òun tínńtín jù.

Gideon ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ẹ tètè kà á fún Màmá kí ó tó sọ tẹnu rẹ̀. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ lééṣì yẹn kúrò nínú àpótí, kí wọ́n sá a sí afẹ́fẹ́ díẹ̀.

Ọmọ yín tí kò tíì gbéyàwó,
Jibril.